Ilẹ̀kùn Tó Ń Tọ́ Òógùn Wò

"Ọ̀gbẹ́ni Làńlókun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lá ògiri."

Ohùn obìnrin ni, ó tutù bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ kó lè sùn, àmọ́ inú ògiri gan-an ló ti ń jáde. Làńlókun na ahọ́n bí alángbá, ó tún lá gíláàsì fèrèsé níbi tí ìrì àárọ̀ sẹ̀ sí. Òùngbẹ tó ń gbẹ ọkùnrin yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ife omi lé. Ká ní wọ́n gbé gbogbo Odò Ọ̀ṣun síwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, á gbé e mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, á wá bèèrè pé ìyókù dà.

"Ẹ ti mu omi yín tòní," ni ògiri wí. "Ẹni tó bá mu kọjá òdiwọ̀n, ó fẹ́ bomi la súgà ara rẹ̀ ni, kó lè tan Atọ́wò ẹnu ilẹ̀kùn jẹ."

"Ta ló fẹ́ tan yín jẹ? Èmi Làńlókun? Èmi tí mo fi apẹ̀rẹ̀ orí okùn gbé erin láti Òkè Àgbàrá dé Òkè Ṣáṣá, tí ìjì ń jà, tí mo fi ọwọ́ kan wa apẹ̀rẹ̀, tí mo fi ọwọ́ kejì di erin mú?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Agúnsóyè ni. Wọ́n jọ wà nínú yàrá kan náà ni, baba náà sì ń rìn lórí ilẹ̀ tó ń rìn, ìyẹn ilẹ̀ rọ́bà tó máa ń sá sẹ́yìn lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni láti àárọ̀ títí dìgbà oúnjẹ. Téèyàn bá dúró lórí ẹ̀, á da onítọ̀hún nù bí ìgbà tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá da ẹrù nù.

"Erin kẹ̀? Ewúrẹ́ ni mo gbọ́," ni Baba wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Wọ́n tiẹ̀ ní ewúrẹ́ yẹn ló di ìwọ mú. Máa lá ògiri ẹ lọ, jàre. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débí, ikùn mi á ti wọ yàrá, á ti jókòó, á ti kí gbogbo ará ilé tán kí èmi tó dé. Wò mí báyìí! Mo ti ń rí ẹsẹ̀ ara mi. Ìwọ ńkọ́? Bí ìgbálẹ̀ lo ṣe wọlé, o wá ku ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo."

Làńlókun bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, ẹ̀wà tí ò lépo àti ewé. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń rìn lórí ẹ̀. Oògùn oníhóró kan náà ni ògiri ń tì sí wọn lẹ́nu. Súgà Baba ń wálẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ti Làńlókun náà ti wálẹ̀ rí, nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn yẹn nílé, gbogbo èèyàn tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Àfi bí súgà ṣe yíjú padà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tí ò sì wẹ̀yìn mọ́. Ìgbà náà ni wọ́n gbé e wá sí Ilé Ìtúnraṣe, pé ó ń jẹun ní kọ̀rọ̀. Ṣòkòtò tó wọ̀ wá ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Okùn ló fi ń so ó mọ́ ìdí, bó bá sì wúkọ́ lásán, àfi kó tún un so.

Ilẹ̀kùn ilé náà ò ní kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ irin kan ló ní, òun ni wọ́n ń pè ní Atọ́wò. Wàá dì í mú, á tọ́ òógùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ wò bí alásè ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Bí ara rẹ bá mọ́, á ṣí. Bí ara rẹ bá dùn, á tì pa, kódà bí ilé bá ń jó. Làńlókun dì í mú.

"Ó ṣì dùn, sà," ni ilẹ̀kùn wí. "Ẹ kú ìrọ́jú. Dókítà fẹ́ rí yín."

Dókítà! Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ya Làńlókun lẹ́nu. Láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, ògiri ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, ibùsùn ló ń wọ̀n ọ́n, ṣáláńgá ló ń sọ fún un pé ìtọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò mọ̀ pé wọ́n ṣì ń lo èèyàn ẹlẹ́ran ara fún irú iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ èèyàn ló bá nínú yàrá náà lóòótọ́, obìnrin kan tí ojú rẹ̀ dúró dáadáa, ó ń jẹ́ Arínọlá. Òfin fún un láyè kó wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó wá wo àwọn tó ti sú ẹ̀rọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ẹ wò mí dáadáa o, irú mi ṣọ̀wọ́n."

"Ẹ jókòó, sà. Ẹ mí sí mi lójú."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Ẹ mí."

Ó mí. Dókítà gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Èémí Làńlókun ń rùn bí ọ̀pẹ̀yìnbó tó ti fẹ́ bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ kò fojú kan ọ̀pẹ̀yìnbó láti ọjọ́ tó ti wọlé. Dókítà fọwọ́ kan apá rẹ̀, ó fọwọ́ kan eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń kà á bí ẹni ka ìlẹ̀kẹ̀.

"Ta ló ní súgà nílé yín?"

"Nílé tiwa? Súgà ò mọ ọ̀nà ilé wa. Bàbá bàbá mi lo igba ọdún, ọjọ́ tó kú gan-an ó ṣì sáré lé olè."

"Màmá yín ńkọ́?"

Níbẹ̀ ni ohùn Làńlókun ti wálẹ̀ díẹ̀. "Gẹ̀gẹ̀ ló yọ wọ́n lọ́rùn. Wọ́n ní ara wọn ló ń bá ọ̀fun wọn jà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà, awọ ara ẹ̀ ń ṣí funfun, funfun. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Rárá o, sà." Dókítà ti sún mọ́ etí tábìlì. "Ẹ jẹ́ n mú nǹkan kan jáde fún yín." Ó tẹ ògiri, ohùn Làńlókun fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ohùn ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé:

*"Kí ni mo máa ń jẹ kẹ̀? Ẹ bi mí ní ohun tí mi ò kì í jẹ! Odó iyán kan, ìyẹn kí oúnjẹ tó dé o. Ewúrẹ́ kan, mi ò yọ ìwo sílẹ̀. Wọ́n á gbé ìkòkò wá fún mi láti fi panu, màá jẹ ìkòkò mọ́ ọn!"*

Làńlókun tẹjú mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ya òpùrọ́. Iṣẹ́ ló fà á. Láti ìgbà tí omi òkun ti gba pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí gbogbo ìlú ti kó lọ sórí òkè, orí okùn ni wọ́n ń gbà láti òkè kan dé òkè kejì, inú apẹ̀rẹ̀, omi ń ru gùdù nísàlẹ̀. Àṣà àwọn awakọ̀ ibẹ̀ ni pé kí apẹ̀rẹ̀ tó gbéra, awakọ̀ gbọ́dọ̀ fọ́nnu fún èrò. Á sọ bó ṣe lágbára tó, bó ṣe ń jẹun tó, bí ikú ṣe ń sá fún un. Awakọ̀ tí ò bá fọ́nnu, ìyá arúgbó gan-an ò ní wọ apẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Èrò mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọkàn wọn á balẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà Ilé Ìtúnraṣe ò mọ̀ ní tiẹ̀. Ó bi í léèrè, ó fọ́nnu, ó sì gbà á gbọ́ láti orí odó dé ìkòkò.

"Ṣé lóòótọ́ ni, sà?"

Làńlókun wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́. "Ẹ̀kọ," ó wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Ẹ̀kọ àti ẹja díẹ̀. Mi ò kì í jẹ nǹkan gidi kan kí n tó gun okùn. Èébì máa ń gbé mi lókè níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ wa, òun ló ń po ínsúlín, ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún súgà kó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kó sì di agbára. Lára ẹni tó sanra, ínsúlín wà, ara ló ń ya olóríkunkun sí i. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè rìn, kí ara ẹ̀ fúyẹ́, kó gbádùn, bíi ti bàbá tẹ́ ẹ jọ wà. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé lára tiyín, àwọn ọmọ-ogun inú ara tó yẹ kó máa lé àìsàn, irú èyí tó bá ọ̀fun màmá yín jà, ló ti kọjú sí ẹ̀yà kékeré yẹn, wọ́n ń pa á díẹ̀díẹ̀. Lára ọmọdé, kíá ni wọ́n ń pa á. Lára àgbàlagbà, wọ́n á rọra máa jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí oògùn fi kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún yín, torí ínsúlín ṣì kù díẹ̀ nígbà náà. Ìdí nìyẹn náà tí gbogbo ayé fi ń rò pé ọ̀fun yín ló gùn."

"Ará ilé mi ń ba ilé mi jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìrìn ò lè tún un ṣe, ebi náà ò lè tún un ṣe. Abẹ́rẹ́ ínsúlín nìkan ni."

"Ẹ fún mi lábẹ́rẹ́ yẹn nígbà náà! Ẹ wo ìdí, ẹ wo apá, ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ gún!"

"Òfin Ara Líle ò gbà." Dókítà mí kanlẹ̀. "Òfin ní àgbàlagbà tó bá ní súgà, ẹnu ẹ̀ ló fà á. Ọmọdé nìkan ni wọ́n ń fún ní ínsúlín. Òní sì lọjọ́ Ìjẹ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá jẹ́wọ́ ohun tẹ́ ẹ jẹ ní kọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn á ṣí lónìí bí ara yín tiẹ̀ ṣì dùn, ẹ̀ ẹ́ lọ bá ìyàwó yín, àmọ́ orúkọ yín á di Oníwọ̀ra títí ayé, abẹ́rẹ́ kankan ò sì ní kàn yín mọ́. Tẹ́ ẹ bá kọ̀ tẹ́ ẹ sì bèèrè ẹ̀jẹ̀, màá fa ẹ̀jẹ̀ yín, màá wá àwọn ọmọ-ogun yẹn nínú ẹ̀, màá sì wò ó bóyá ínsúlín kankan ṣì kù tí ara yín ń pò. Kẹ́ ẹ tó gbọ́ èsì, inú ibí lẹ máa wà. Tí èsì bá sọ pé kò sí nǹkan kan, wọ́n á ní ẹ̀ ń jiyàn, ẹ̀ ẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Kò dá mi lójú. Ó jọ ọ́ gan-an ni, òórùn ọ̀pẹ̀yìnbó ẹnu yín yẹn, àmì ara tí kò rí súgà lò ni. Mo lè ṣì í. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tí mo rò, tẹ́ ẹ sì lọ sílé láìsí abẹ́rẹ́, ẹ ò ní pẹ́ láyé."

Wọ́n ṣe Ìjẹ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn, níwájú ilẹ̀kùn gan-an. Gíláàsì ni ògiri ọ̀hún, àwọn ará ilé olúkúlùkù sì dúró síta, wọ́n ń wo inú bí ẹni ń wo ẹja nínú ìgò. Làńlókun rí Fọyèkẹ́, ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà gbé agbádá ọkọ rẹ̀ aláwọ̀ osùn dání, èyí tó fẹ́ràn jù, ó ti lọ̀ ọ́ ó gún régé. Ó ju ọwọ́ sí i.

Bàbá Agúnsóyè ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Áà, ẹ bá wà níbẹ̀! Baba náà jẹ́wọ́ búrẹ́dì, ó jẹ́wọ́ àkàrà, ó jẹ́wọ́ dòdò tó jẹ lábẹ́ ibùsùn nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń gbàdúrà lórí ibùsùn kan náà. Ó sunkún, imú rẹ̀ ń dà. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ó di Atọ́wò mú, ilẹ̀kùn sì yà bí aṣọ, atẹ́gùn ìta wọlé wá pẹ̀lú òórùn koríko tútù. Baba jó jáde. Kò wẹ̀yìn.

"Ọ̀gbẹ́ni Làńlókun," ni ilẹ̀kùn wí. "Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ jẹ."

Gbogbo gbọ̀ngàn sún síwájú. Wọ́n mọ ẹnu rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé èyí tí Baba sọ, ìpanu ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń bọ̀. Làńlókun la ẹnu, ọ̀rọ̀ sì ti tò sórí ahọ́n rẹ̀ bí èrò lórí ìlà: ọ̀yà méje, àgbá oyin, àkàrà tó tóbi tó táyà ọkọ̀. Ìjẹ́wọ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ká ní ó jáde, ilẹ̀kùn gan-an ì bá sunkún. Kò sì ju kó mí síta lọ, Fọyèkẹ́ á gbé agbádá wọ̀ ọ́.

"Mo jẹ..."

Ó wo Fọyèkẹ́, ó wo koríko. Ìtọ̀ tún ń gbọ̀n ọ́n. Ó rí i pé bí òun bá jáde lẹ́nu ọ̀nà yìí pẹ̀lú irọ́, ibi gbogbo tóun bá dé, inú ilé yìí náà lòun á máa gbé.

"Mi ò jẹ nǹkan kan," ó wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó ń gbé e bọ̀ ni.

"Mo ní mi ò jẹ nǹkan kan! Kò dùn ún gbọ́, mo mọ̀, àmọ́ òótọ́ ni. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ mi."

Ẹ̀rín gé. "Kò sí ìjẹ́wọ́," ni ilẹ̀kùn wí, ó sì tì gbà. Fọyèkẹ́ ò gbọ́ ohun tó sọ. Ó kàn rí i pé ọkọ òun dúró sójú kan, ilẹ̀kùn sì tì. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu gíláàsì, ẹnu rẹ̀ ń lọ: *Jẹ́wọ́! Kí ló ń ṣe ẹ́? Jẹ́wọ́!*

Kí èsì tó dé, Làńlókun rí nǹkan. Ilẹ̀ tó ń rìn da á nù, ó da á nù, títí ilẹ̀ gan-an fi ṣàárẹ̀. Ó ń bì. Ó ń mí bí ẹni tó gbé òkè kan sáyà, èémí gígùn, èémí jíjìn. Ògiri ń sọ fún un pé ẹni tó bá ń bì, ó ti jẹ nǹkan ni. Bó bá di ojú, ó ń rí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó há sí àárín okùn, láìsí òkè níwájú, láìsí òkè lẹ́yìn.

Ohùn Dókítà Arínọlá ló jí i. Ó ń bá ògiri jà.

"Àwọn ọmọ-ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n kún ibẹ̀. Ínsúlín tí ara rẹ̀ ń pò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣí ilẹ̀kùn!"

"Mo ti gba èsì," ni ògiri wí. "Àgbàlagbà tó ní súgà, oníwọ̀ra. Ọmọdé tó ní súgà, abẹ́rẹ́. Kò sí ẹ̀kẹta. Mi ò mọ ibi tí mo máa fi í sí."

"Fi í sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé."

Ògiri ka òfin ọmọdé jáde. "Ọmọdé kì í wa apẹ̀rẹ̀. Ọmọdé kì í nílé. Ọmọdé kì í láya. Ọmọdé kì í dá rìn láìjẹ́ pé àgbàlagbà fà á lọ́wọ́. Ṣé ó gbà?"

Dókítà kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ gbọ́, sà? Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo rí nìyí. Màá máa bá wọn fà á lọ títí wọ́n á fi ní ẹ̀kẹta. Ó lè pẹ́."

Làńlókun ronú kan okùn, ó ronú kan àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín tí wọ́n máa rín á wó òkè. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó dà bí ọwọ́ ẹlòmíì. "Mo gbà," ó wí.

"Ọmọ, o ti jí?" ni ògiri wí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sí *sà* mọ́. "Omi rèé. Ọmọdé ló ni omi." Omi tú jáde. Ó mu, ó mu, ó fi ojú mu, ó fi etí mu.

Dókítà fi èjìká gbé e dé ẹnu-ọ̀nà àwọn ọmọdé, lẹ́yìn ilé. Kékeré ni, àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀. Fọyèkẹ́ ló dúró níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́. Wọ́n ti ṣàlàyé fún un, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ọmọ," ni ẹnu-ọ̀nà wí, "kí alágbàtọ́ rẹ bó ṣe yẹ kó o tó jáde."

Fọyèkẹ́ gbé ọwọ́ sẹ́nu. "Háà, rárá o. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi mà ni."

"Ọmọdé kì í ṣe ọkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ, kí wọn."

Àwọn ará ìta ti dúró wò. Àwọn kan mọ̀ ọ́n, wọ́n ti wọ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rí. Làńlókun tú ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Ó na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó rẹ̀, àyà kan ilẹ̀, àgbọ̀n kan ilẹ̀. Ọkùnrin náà gùn débi pé orí ti jáde lẹ́nu-ọ̀nà, ẹsẹ̀ ṣì wà nínú ilé.

"Ẹ kú àárọ̀, mà," ó wí.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ẹnu-ọ̀nà gbà, ó sì ti àpótí funfun kékeré kan jáde sọ́wọ́ Fọyèkẹ́. Dókítà fi ibi tó máa gún hàn án, níbi awọ ikùn tó ti fẹ́lẹ́ bíi bébà. Fọyèkẹ́ jókòó sórí koríko, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. Ó yọ abẹ́rẹ́ náà jáde.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ó wí. "Á dùn ẹ́. Ṣé kí n dúró ná?"

Làńlókun gbé aṣọ kúrò níkùn.

"Gún un," ó wí. "Mo fẹ́ dàgbà."